Ibi Tí Omi Ọ̀nà Ń Lọ

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí ò ń fi omi tútù tan ara rẹ jẹ bó o ṣe máa ń ṣe nílé-ìwé nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀? Àwa níbí wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tó máa ń dùn mí tí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ ti ń fi mí lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀. Káfíńtà àbúrò mi ní kí n kí ọ. Ó ní òun ṣì ń retí bàtà tó o ṣèlérí fún òun. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ìlérí lọ.

Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. Mo gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá Oníyẹ̀rí, aládùúgbò wa tó ń ta yẹ̀rí, wá gba búláòsì rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣebí ẹnjiníà lẹ ní ọmọ yín ń ṣe? Kí ló ń wá nínú gọ́tà?" Òótọ́ ló sọ. Ẹrẹ̀ mù ọ́ dé orúnkún, o gbá ṣọ́bìrì mú, o wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọkọ fẹ́. Mo ní fún un pé àwọn lébìrà lò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀. Ṣé òótọ́ ni mo sọ? Jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè mọ irú irọ́ tí màá máa bá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Mo mọ̀ pé fóònù lo fẹ́ kí n máa lò, ṣùgbọ́n fóònù ibi ìwakùsà yín a máa gé ní ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe pàtàkì, màá sì wá máa pariwo "ẹ̀lóò, ẹ̀lóò" bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìwé ni mo fẹ́. Ohun tó o bá kọ, màá lè tún un kà.

Ilé-iṣẹ́ kan ti ń fọ́ òkúta lórí òkè ẹ̀yìn ilé wa. Wọ́n la ọ̀nà síbẹ̀ fún àwọn típà wọn, wọ́n sì ri páìpù ńlá kan sábẹ́ ọ̀nà náà kí omi lè ríbi gbà. Ẹnu páìpù yẹn kọjú sí wa. Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgbàrá tú jáde níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn yàrá mi kọjá lọ sí odò, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ibi tí mo ti ń sá aṣọ ti lọ. Kòtò ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìwọ lo mọ̀ nípa ọ̀nà àti omi. N kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Sọ ohun tí màá ṣe fún mi, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n má sọ pé kí n kó kúrò. Èmi àti bàbá rẹ la kọ́ ilé yìí, yàrá yẹn ni mo bí gbogbo yín sí, ibẹ̀ ni bàbá rẹ kú sí. Káfíńtà ti sọ̀rọ̀ kíkó kúrò lẹ́ẹ̀kan, mo sì jẹ́ kó lọ sílé rẹ̀ láìjẹun.

Olúwa á ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà, ẹ kú ẹsẹ̀ dídùn. Ẹ bá mi kí Káfíńtà, ẹ ní bàtà ń bọ̀, mo ṣì ń wá ilé ìtajà tó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ fún Ìyá Oníyẹ̀rí mọ́. Èmi náà ni mo wà nínú gọ́tà. Iṣẹ́ mi ni kí n ya àwòrán ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ ibi ìwakùsà, kí n sì máa tọ́jú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Omi ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé àárín ọ̀nà ga díẹ̀ kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, tá a fi ń gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tá a sì ń ri páìpù sábẹ́ rẹ̀ níbi tí omi bá ti fẹ́ dá a kọjá. Tí òjò bá sì ń rọ̀, gbogbo èèyàn á sá wọlé, èmi á wọ bàtà rọ́bà jáde, torí ìgbà tí omi ń ṣàn nìkan la lè rí ohun tó ń ṣe. Ìgbà yẹn ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ọ̀gá mi ní orí mi ò pé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, típà kan ò tíì rì sẹ́rẹ̀ lójú ọ̀nà mi.

Ní ti kòtò yín, ẹ jẹ́ kí Káfíńtà bá yín wá òkúta, kí ẹ tò ó dábùú kòtò náà ní ibi mélòó kan, kó ga díẹ̀, kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Omi á máa kọlù ú, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Lábẹ́ òkúta náà, a máa ń tẹ́ aṣọ kan kí àgbàrá má bàa fa iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde. N kò ní ṣe àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n má bàa dà yín lórí rú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi téèpù yín wọn kòtò náà fún mi, kí ẹ sì ya bí ó ṣe rí. Ẹ má bẹ̀rù, kò sí ohun tí kò ní àtúnṣe.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Aṣọ lo ní kí n tẹ́? Ta lo rò pé ò ń kọ̀wé sí? Ẹnu tó o fi sọ pé o ò fẹ́ dà mí lórí rú, máa fi jẹun. Ọ̀rọ̀ aṣọ ò lè dà mí lórí rú láéláé.

Mo wo gbogbo àpótí mi. N kò lo àjákù o, kí o má rò pé mo ṣahun. Aṣọ tí mo máa ń fi sínú kóòtù ni mo yàn, èyí tó nípọn tó sì dán, tí omi kì í tètè wọ̀. Mo rán an pọ̀ ní ìlọ́po méjì, mo fi òwú gba ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ṣẹ́ etí rẹ̀ bí ẹni tó ń rán aṣọ ìyàwó. Káfíńtà àti ọkọ Ìyá Oníyẹ̀rí bá mi gbé òkúta. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò wá. Mo ní ọmọ mi ẹnjiníà ló yà á láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ yẹn, n kò tijú fọ́tò rẹ mọ́.

Mo ti ya kòtò náà. Pépà tí mo fi ń gé aṣọ ni mo lò, ìdí nìyẹn tó fi tóbi. Ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa sí ni ògiri yàrá mi. Ọfà yẹn ni ibi tí ẹnu páìpù kọjú sí. Tí Káfíńtà bá dúró nínú kòtò, ó dé e láyà, o sì mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn kúkurú. O tún bi mí nínú ìwé kékeré tó o fi sẹ́yìn lẹ́tà pé báwo ni ìpìlẹ̀ ilé ṣe jìn tó. Ó dé orúnkún. Bàbá rẹ ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, mo wà níbẹ̀, oyún àkọ́bí mi ni mo ní nígbà náà.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí. Jẹ́ kó rọ̀. A ti ṣe tán dè é.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Àbíkẹ́yìn mi,

N kò tíì rí èsì rẹ, ṣùgbọ́n n kò lè dúró. Aṣọ mi ti lọ.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán gangan, gbogbo èèyàn ló wà nílé láti wòran. Omi dé, ó kọlu òkúta àkọ́kọ́, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, inú mi dùn. Ìgbà tó yá, ó wá ibi gbà lábẹ́ aṣọ. Ó gbé aṣọ náà wú bí ẹni tó ń fẹ́ bàlúùnù, òkúta yí dànù, gbogbo rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó di odò. Aṣọ aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé, ti pupa, gbogbo wọn há sórí igi etí odò. Àdúgbò rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ni èmi náà bú sẹ́rìn-ín, torí ó jọ pé odò ń sá aṣọ. Ìyá Oníyẹ̀rí fọ ọ̀kan, ó lọ̀ ọ́, ó dá a padà fún mi.

Ó yé mi báyìí. Aṣọ tí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá ni ẹ̀yin máa ń lò, àbí? Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀? Tó o bá sọ ọ́, èmi ni màá mọ irú aṣọ tó jẹ́ ju ìwọ lọ. O ní o ò fẹ́ dà mí lórí rú. Ọmọ mi, má tún gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún mi mọ́, eyín mi ṣì pé.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀nà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ́ tónítóní, ó ń pè mí ní Màmá ní gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà òun dára, pé ẹ̀kán omi kan kì í dúró lórí rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, ẹ̀yìn yàrá mi ló ń wá dúró sí. Ó ní òun á gbé e yẹ̀ wò. O mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "màá gbé e yẹ̀ wò."

Ohun tó ń dùn mí ni pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ ni mò ń gbọ́. Bó ṣe ń fi ọ̀nà yangàn ni ìwọ náà ṣe fi tìrẹ yangàn. Mo wá fẹ́ bi ọ́ léèrè, kí o sì dá mi lóhùn: omi tí ò ń lé kúrò lórí ọ̀nà tìrẹ, ibo ló ń lọ? Ta ló ń gbé nísàlẹ̀ ibẹ̀?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ewu òjò, ẹ kú àdánù aṣọ. Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà, àwòrán náà sì dé. Ó dára gan-an, ẹ lè wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bi mi ni ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín bu iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò, kí ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo sì ń rò ó pé bóyá kí ẹ máa sùn ní páálọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Páálọ̀ tutù ju yàrá lọ. Ojú ọjọ́ tibí náà ń mú ooru wá, iṣẹ́ sì pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ara yín.

Gbogbo rẹ̀ á dára.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo béèrè torí lẹ́tà rẹ ń bà mí lẹ́rù.

Àpò iyẹ̀pẹ̀ tó o ní kí a tò, a tò ó. Àgbàrá ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ògiri yàrá mi ti là láti òkè dé ilẹ̀, ìka mi wọ inú rẹ̀. Káfíńtà fi pákó tì í níta, ó tún fi òmíràn tì í nínú, mo wá ń fò ó kọjá tí mo bá fẹ́ dórí ibùsùn. Ó ń lù ú mọ́lẹ̀, ó ń kùn. Kò sọ̀rọ̀ kíkó kúrò, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń lu ìṣó.

Wàyí o. O ní páálọ̀ tutù ju yàrá lọ. Láti ìgbà wo? Inú páálọ̀ yẹn lo ti là gbogbo ìgbà èwe rẹ já, ò ń làágùn bí ẹni tó sá eré. Ọmọ mi kì í kọ lẹ́tà dídùn. Ọmọ mi a máa ṣàròyé, a máa jiyàn, a máa bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì lọ rí dókítà ẹsẹ̀. Nígbà tí dókítà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ fún mi, ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ. Ó ní ooru mú. Lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn yẹn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o ò dá mi lóhùn. Mo tún fi òmíràn kún un báyìí. Ṣé ilé mi á dúró àbí kò ní dúró?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí Káfíńtà bá wà nítòsí, kó jókòó tì yín.

Nígbà tí ẹ bi mí pé ibo ni omi mi ń lọ, inú bí mi. Mo ní ṣé ìyá mi náà ló ń fi mí wé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ yẹn? Nínú àwòrán mi, gbogbo gọ́tà ló ní ibi tó ń tú sí. Gbogbo rẹ̀ ló dé etí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni àwòrán parí sí. N kò rìn kọjá ibẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó ní kí n rìn kọjá ibẹ̀. Ìbínú yẹn ló gbé mi jáde nígbà tí òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀. Mo ní màá tẹ̀lé omi náà kí n lè kọ̀wé sí yín pé ẹ ò gba tèmi rò.

Bàbá kan ló ń dáko nísàlẹ̀ ibẹ̀. Àgbàdo ló gbìn. Omi mi ti la oko náà sí méjì, bàbá náà sì dúró lódìkejì, kò lè sọdá. Ó pè mí, ó bi mí bóyá mo sọnù ni. Mo ní rárá, omi ọ̀nà tí èmi ṣe ni mo tẹ̀lé débí. Kò bú mi, Màmá. Ó ní, "Òjò ni mo rò pé ó ṣe é." Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bá òjò bínú.

Mo padà lọ sọ fún ọ̀gá mi pé kí a ti apá ọ̀nà yẹn pa títí a ó fi tún ẹnu gọ́tà náà ṣe. Ó bú mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ṣé oko ni wọ́n gbà mí láti wá dá ni. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ kankan máa kọjá níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan la fi jà, mo tiẹ̀ ti ń di ẹrù mi, kó tó gbé katapílà fún mi. Dípò kí gbogbo omi máa tú síbì kan, a pín in sí ojú mẹ́rin, kálukú gba inú koríko lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti ga jù, a to òkúta bí àtẹ̀gùn kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì tẹ́ aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá sábẹ́ rẹ̀. A gbẹ́ adágún kan sí ìsàlẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀ síbẹ̀ kí omi tó jáde. Oko bàbá yẹn ṣì là sí méjì, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ sí i mọ́. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n pẹ́. Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ìkejì. Kí a tó lọ tún òkè ṣe, gbogbo nǹkan ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú nínú oko bàbá yẹn: òkúta, àpò, igi. Kò sí èyí tó dúró. Òkè tí omi ti ń wá la gbọ́dọ̀ ti mú un, ẹ̀yin ò sì lè mú un níbẹ̀, torí ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiyín. Kòtò yín dé Káfíńtà láyà. Ìpìlẹ̀ ilé dé orúnkún. Ìsàlẹ̀ kòtò ti jìn kọjá ìsàlẹ̀ ilé, Màmá. Ilẹ̀ tí ògiri yẹn jókòó lé ò ní ohun tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tún páìpù náà ṣe lónìí, ó ti pẹ́ jù fún ògiri yẹn.

Ọjọ́ tí mo rí àwòrán yín ni mo ti mọ̀. Mo kọ̀wé àpò iyẹ̀pẹ̀ torí ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ẹ ti ní kí n má sọ ọ́.

Yàrá náà máa wó. N kò mọ ọjọ́. Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dúró de òjò mìíràn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Mo ti rí lẹ́tà rẹ. Káfíńtà ní kí n fèsì. Mo ti fèsì.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Mo pe fóònù yín títí, kò wọlé. Mo pe ti Káfíńtà, ẹnìkan gbé e, mo gbọ́ ariwo pákó, ó sì gé. Láti ìgbà náà, n kò lè sùn, n kò lè jẹun. Tí òjò bá ṣú níbí, ilé wa ni mò ń rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tibí kọ́ ló ń rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ bú mi. Ẹ kọ èébú kún ojú ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé ẹ ò sí nínú yàrá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Àbíkẹ́yìn mi,

N kò sí nínú yàrá yẹn. Ilé Káfíńtà ni mo ti ń kọ èyí. Fóònù mi wà nísàlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, má pè é mọ́.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo rò pé ìwọ àti Káfíńtà lẹ gbìmọ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀. Mo sùn sínú yàrá náà pẹ̀lú agídí, mo kọjú sí ibi tó là yẹn gan-an, mo ní bó bá fẹ́ wó, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni òjò dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé anburẹ́là, mo gun òkè lọ. Dírẹ́bà típà kan dúró, ó ní níbo ni Màmá ń lọ nínú irú òjò báyìí? Mo ní ẹnu páìpù. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ti ṣe.

Mo dúró sórí ẹnu rẹ̀. Omi náà ń jáde pẹ̀lú ariwo tí n kò fi gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá wo ibi tó kọjú sí. Mo rí páànù ilé wa, ó ti dógùn-ún, ó kéré. Irun mi ti funfun nínú ilé yẹn, n kò wò ó láti òkè rí. Kò sí ohunkóhun láàárín òun àti omi náà. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi dá èyí dúró, àpò iyẹ̀pẹ̀? Mo sunkún níbẹ̀, òjò ń pa mí, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ omijé.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ kan ìlẹ̀kùn Káfíńtà. Mo ní kó wá gbé ibùsùn. Kò ní "ṣebí mo ti wí". Màá máa dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ó kó ibùsùn, ó kó ẹ̀rọ mi àti àga bàbá rẹ, ó yọ ìlẹ̀kùn, ó yọ fèrèsé, ó sì ká páànù ẹ̀yìn kúrò. Gbogbo rẹ̀ la kó tán. Fóònù nìkan la gbàgbé sórí pẹpẹ kíṣìnnì.

Ọjọ́ tó wó, oòrùn ló ń ràn. Mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò pariwo tó bí mo ṣe rò. N kò dìde. Mo ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí mo máa fi wo ọwọ́ mi, mo ti rán ẹnu apá aṣọ náà pa, ọmọ kankan ò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Yàrá lọ, kíṣìnnì tẹ̀lé e. Páálọ̀ ṣì wà, pẹ̀lú ooru rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní yẹn wá. Ó dúró létí kòtò, kò lè pè mí ní Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kó wo ilé tó kàn, ti Ìyá Oníyẹ̀rí ni, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń sùn lápá ẹ̀yìn. Mo ka ibi tó o ti sọ ohun tí ẹ ṣe fún bàbá alágbàdo yẹn sí i létí. Ó ní kí n tún un kà. Katapílà ti wà lókè láti ìjẹta, wọ́n ń to òkúta. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á ṣe é parí. Mo ti ra bàtà rọ́bà, tí òjò bá ti ṣú ni mo ń gòkè lọ wò wọ́n, wọn ò sì fẹ́ràn mi níbẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kù láàárín èmi àti ìwọ. O gbà mí là, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún lo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ò ń kọ̀wé pé páálọ̀ tutù, inú yàrá yẹn ni mo ń sùn. Tó bá wó nígbà yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o má sọ ọ́. Mo mọ̀, síbẹ̀ inú ń bí mi. N kò fẹ́ parí ìjà yìí nínú ìwé, torí nínú ìwé n kò rí ojú rẹ. Gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, kí o wá sílé. Mo fẹ́ bá ọ jà, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọ, n kò tíì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe.

Ìyá rẹ